Ṣé Salvador léwu? Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi: fún ta ni?

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025 tí Nàìjíríà àti Brazil ti fọwọ́ sí àdéhùn ọkọ̀ òfurufú, ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn kò yé bi mí. Àwọn ọ̀rẹ́ ń bi mí, àwọn àbúrò ń bi mí, títí kan àwọn tó gbà pé ẹni tó bá ti kàwé òfin gbọ́dọ̀ mọ gbogbo nǹkan. "Lọ́yà, a fẹ́ lọ wo Salvador. Ṣé ìlú yẹn ò léwu báyìí?"

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia, kì í ṣe ìlú àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa lẹ́rú lọ. Ibẹ̀ náà ni àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Nagô, ìyẹn àwọn Yorùbá, ti dìde sí àwọn olówó ẹrú ní oṣù kìíní ọdún 1835. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ yẹn, ìjọba lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn fúnra wọn palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, ọ̀pọ̀ sì padà wá sí Èkó, níbi tí Pópó Àgùdà ṣì ń jẹ́rìí wọn títí dòní. Tí ẹ bá dé Salvador lónìí, ẹ máa rí obìnrin tó wọ aṣọ funfun tó ń din àkàrà létí títì. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún, etíkun Rio Vermelho máa ń kún fún àwọn tó ń gbé òdòdó lọ fún Yemọja. Ta ni kò ní fẹ́ lọ?

Ṣùgbọ́n lórí fóònù kan náà tí ẹ ti gbọ́ ìlù Olodum, fídíò tó máa tẹ̀ lé e lè jẹ́ ti ìró ìbọn. Ẹnì kan á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ má lọ o, wọ́n ń pa èèyàn bí ẹni pẹran níbẹ̀." Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé irọ́ ni, òun lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan òun. Kí ẹ tó mọ̀, wọ́n ti ń bú ara wọn.

Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́, ìdajì òótọ́ ló sì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. "Ṣé ó léwu?" kò tíì pé ní ìbéèrè. Ó ku ìrù rẹ̀: fún ta ni?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iye. Ní ọdún 2017, àwọn tí wọ́n pa ní Brazil lé ní 63,000. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, ó ti wálẹ̀ sí bíi 46,000, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọdọọdún tí àjọ Fórum Brasileiro de Segurança Pública ń gbé jáde ṣe sọ. Ìyẹn ni pé ó ti dín ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá ń pariwo pé ṣe ni ìpànìyàn ń pọ̀ sí i ní Brazil lọ́dọọdún, àwòrán àtijọ́ ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀.

Bahia ni kò bá wọn jẹ nínú ayọ̀ yẹn dáadáa. Ní 2023 kan náà, nínú gbogbo èèyàn 100,000 tó ń gbé ìpínlẹ̀ náà, bíi 46 ni wọ́n pa. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe pọ̀ tó, Amẹ́ríkà tí gbogbo wa ń sọ pé ìbọn ti pọ̀ jù níbẹ̀, tiwọn kò tó 7. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àsọdùn àwọn oníròyìn ni gbogbo rẹ̀. Ikú wà níbẹ̀, ó sì pọ̀.

Àmọ́ nídìí iṣẹ́ òfin, tí òkú bá ti sùn, irú ikú tó pa á la kọ́kọ́ máa ń wádìí. Òfin ìwà ọ̀daràn Brazil ya ìpànìyàn, tó wà ní abala 121, sọ́tọ̀ kúrò lára ti olè tó pa ẹni tó ń jà lólè. Latrocínio ni wọ́n ń pe ìkejì yìí, abala 157 ló wà, ìjìyà rẹ̀ sì le gan-an. Òun gan-an ló ń ba àlejò lẹ́rù: kí ẹnì kan yọ ìbọn, kó gba fóònù, kó sì tún gba ẹ̀mí mọ́ ọn. Nínú gbogbo ìpànìyàn tí wọ́n ń kà sílẹ̀ ní Brazil lọ́dún kan, latrocínio kì í tó 5 nínú 100.

Àwọn 95 yòókù wá ńkọ́? Ta ni wọ́n?

Nínú àwọn tí wọ́n pa ní Brazil ní ọdún 2023, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ọkùnrin. Bíi 78 nínú 100 ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí àdàlù, tí wọ́n jọ ń kà pọ̀ sí èèyàn dúdú níbẹ̀. Ó sún mọ́ ìdajì wọn tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ní Salvador tó jẹ́ pé ó lé ní 80 nínú 100 aráàlú tó jẹ́ èèyàn dúdú, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ẹni tí à ń sọ.

Ibi tí wọ́n sì ti ń kú, àwọn àdúgbò tí kì í sí nínú ìwé àlejò ni: Valéria, Subúrbio Ferroviário tó na lọ lẹ́bàá ojú irin rélùwéè, àti Nordeste de Amaralina, tí kò jìnnà rárá sí Rio Vermelho níbi tí wọ́n ti ń bọ Yemọja. Àwọn ẹgbẹ́ òògùn olóró ńlá láti Rio àti São Paulo, ìyẹn Comando Vermelho àti PCC, ti wọ Bahia, wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ dòwò pọ̀, wọ́n sì ń bá àwọn mìíràn du àdúgbò àti ọ̀nà tí ọjà wọn ń gbà dé èbúté. Ọmọ tí kò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa òògùn olóró lè rí i pé òun kò lè rékọjá sí òpópónà kejì mọ́, torí pé ẹgbẹ́ mìíràn ló ni ibẹ̀. Àdúgbò tí ìyá rẹ̀ bí i sí ti fún un ní ẹgbẹ́, bó fẹ́ bó kọ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni ti ọlọ́pàá. Ní ọdún 2023, ọlọ́pàá Bahia pa èèyàn 1,699. Kò sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní Brazil tó pa tó bẹ́ẹ̀, títí kan São Paulo tí èrò rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Bahia. Ẹ rántí Rio tí fíìmù ti sọ di ìlú ìbọn lójú gbogbo ayé: Bahia ti kọjá òun náà.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2015, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin 12 ní Vila Moisés, ní àdúgbò Cabula. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà ló kọ́kọ́ yìnbọn. Gómìnà ìgbà náà, Rui Costa, fi ọlọ́pàá wé agbábọ́ọ̀lù tó dojú kọ ilé, tó ní láti pinnu ní ìṣẹ́jú àáyá bóun ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ìyẹn wò lẹ́ẹ̀mejì. Òkú méjìlá wà nílẹ̀, góólù ló wá sọ́kàn gómìnà. Nígbà tó yá, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi ẹ̀sùn kan àwọn ọlọ́pàá kan pé ṣe ni wọ́n pa àwọn ọmọ náà ní ìpakúpa. Adájọ́ dá wọn sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ tó ga ju tirẹ̀ lọ tó fagi lé ìdájọ́ náà.

Lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1996, ọlọ́pàá ológun tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa aráàlú gbọ́dọ̀ dé iwájú aráàlú méje tí wọ́n jókòó láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Lórí ìwé, òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó débẹ̀, ìwé kan wà tí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, auto de resistência ni wọ́n ń pe ìwé yẹn: òkú yìí kọjú ìjà sí wa, ó sì kú. Ní ọdún 2016, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ ọ́ pé ikú tó wáyé nígbà tí ẹni náà tako iṣẹ́ ọlọ́pàá. Orúkọ ló yí padà, òkú ṣì ni ẹlẹ́bi.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má rẹ́rìn-ín. Abala 33 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà gba ọlọ́pàá láyè láti lo agbára tó lè yọrí sí ikú, tó bá pọn dandan, láti mú ẹni tí òfin ń wá. "Tó bá pọn dandan" ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ẹni tó lè sọ pé kò pọn dandan ti wọ ilẹ̀ lọ. Àwọn tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 mọ ohun tí mò ń sọ.

Wàyí o, báwo ni àlejò ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní ìlú kan náà láìfara gbá? Wọ́n ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Pelourinho, tí gbogbo yín ń rí àwòrán ilé aláwọ̀ mèremère rẹ̀, orúkọ òpó tí wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba ló ń jẹ́. Ní ọdún 1985, UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Láti ọdún 1992, ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tálákà tó ń gbé ibẹ̀ jáde. Ọ̀dà tuntun wọlé, ilé ìtura wọlé, àgọ́ ọlọ́pàá tó wà fún àlejò nìkan náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1996, Michael Jackson àti Olodum ya fídíò orin They Don't Care About Us ní òpópónà yẹn kan náà. Gbogbo ayé rí ijó náà. Mélòó nínú wọn ló béèrè ibi tí àwọn tó ń gbé inú ilé wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀ lọ?

Ohun tó ń dáàbò bo àlejò kì í ṣe irọ́, mo sì dúpẹ́ pé ó wà. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n rìn ní Pelourinho àti Barra, jáwójáwó àti ẹni tó ń já fóònù gbà ló yẹ kó kọ́kọ́ máa ṣọ́. Mo kàn fẹ́ ká mọ̀ pé ààbò yẹn ní odi, odi sì máa ń ní ẹ̀yìn.

Ẹ wo bí ìròyìn ṣe ń rìn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjà ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco ní àárín ìlú àtijọ́ náà já, ó sì pa ọ̀dọ́bìnrin kan tó wá ṣàbẹ̀wò láti São Paulo. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé láàárín wákàtí díẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní ọdún 2023, ìpín tí ọlọ́pàá Bahia nìkan pa lójúmọ́ kan ju mẹ́rin lọ. Mélòó nínú wọn ni a gbọ́ níbí?

Ẹnì kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá ti gbọ́ nípa rẹ̀. Bernadete Pacífico, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mãe Bernadete, ìyálórìṣà ni, òun sì ni olórí Pitanga dos Palmares, àdúgbò àwọn ọmọ ẹrú tó gbòmìnira, ní Simões Filho, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Salvador. Wọ́n ti pa ọmọ rẹ̀ ní ọdún 2017, kò sì yé béèrè ìdájọ́ òdodo. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ìjọba ní àwọn ń dáàbò bò. Ní oṣù keje ọdún 2023, ó dúró níwájú ààrẹ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Brazil, ó sọ fún un pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ òun. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ ọdún kan náà, àwọn agbébọn wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n sì yìnbọn pa á nínú ilé rẹ̀. Ẹni ọdún 72 ni. Kò rìn lóru, kò gbé fóònù olówó ńlá lọ sétíkun, kò ṣe ọ̀kankan nínú àwọn nǹkan tí wọ́n ń kìlọ̀ fún àlejò pé kó má ṣe. Ilé rẹ̀ ló wà.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í dùn sí èsì kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn Salvador, pé "àwọn ọmọ ìta ló ń pa ara wọn, kò kan àlejò." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìlú náà ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Òótọ́ sì ni pé ìbẹ̀rù lásán ń pa tálákà lára. Tí àlejò bá sá, ilé ìtura ńlá á rí ọgbọ́n ta sí i. Ẹni tó ń din acarajé, ẹni tó ń di irun, ẹni tó ń fi ìlù kíkọ́ jẹun, àwọn ni ebi máa kọ́kọ́ pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní "wọ́n ń pa ara wọn" ti dá ẹjọ́ fún òkú tí kò rí ilé ẹjọ́ dé. Ọmọ tí wọ́n pa nítorí òpópónà tó gbà délé ti di ọmọ ìta lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí ọlọ́pàá pa náà ti dọ̀kan.

Tiwa tún yàtọ̀, ìyẹn àwa tá a máa ti Èkó tàbí Ìbàdàn lọ. Ààbò tí wọ́n kọ́ fún àlejò dúró lórí pé kí ojú mọ àlejò. Òyìnbó tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, gbogbo Salvador ló mọ̀ pé àlejò ni. Ọmọ Yorùbá tó jẹ́ ọmọ ọdún 25, tó ta dàdá, tó wọ ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà, ta ló máa mọ̀ pé àlejò ni kó tó lanu? Ohun tó dùn mọ́ wa jù nípa ìlú náà ni pé a jọ wọ́n. Jíjọ yẹn kan náà ló lè mú kí ọlọ́pàá fojú tó fi ń wo ọmọ Cabula wò yín.

Ibi tí ọkàn wa sì máa ń fà sí jù kò sí lórí káàdì àlejò. Ilé Àṣẹ Opó Afonjá, tí Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní ọdún 1910, agbègbè Cabula yẹn ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí Ṣàngó níbẹ̀, àdúgbò tí wọ́n ti pa ọmọ méjìlá nínú ìtàn òkè yìí ló ń lọ. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ má baà lọ. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ilé ẹni tí ẹ ń wọ̀.

Ìkìlọ̀ ìrìn-àjò kò lè sọ gbogbo èyí fún yín. Ní ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fi Brazil sí ipele kejì nínú mẹ́rin, wọ́n sì fi Nàìjíríà sí ipele kẹta. Ẹ gbọ́ o: nínú ìwé wọn, ilé tí ẹ ń sùn sí léwu ju ibi tí ẹ ń bẹ̀rù láti lọ. Inú bí ọ̀pọ̀ wa sí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀, a ní wọn ò mọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n tí Dẹ́tì Dìsẹ́ńbà bá dé, tí àwọn ọmọ wa láti London bá béèrè bóyá Èkó léwu, Lẹ́kì àti Victoria Island la máa ń fi dá wọn lóhùn. A kì í sọ ti ọmọ Mushin tó ń sá fún ọlọ́pàá àti ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ní alẹ́ kan náà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín dání nígbà gbogbo. Ẹ kọ́ Portuguese díẹ̀, ó kéré tán kí ẹ lè sọ pé Nàìjíríà lẹ ti wá. Tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín hàn, ẹ má sá. Tí olè bá ní kí ẹ mú fóònù wá, ẹ fún un. Tí ẹ bá ń lọ sí ilé òrìṣà tàbí àdúgbò tí ẹ ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ ibẹ̀ mú yín dání, kí ẹ sì sanwó fún un dáadáa.

Kí ẹ sì tó padà, ẹ lọ jẹ acarajé lọ́dọ̀ obìnrin aláṣọ funfun yẹn. Ẹ má bi í bóyá Salvador léwu fún yín, torí ó ti mọ èsì tí àlejò ń fẹ́. Ẹ bi í ní ibi tó ń gbé, àti bí ọmọkùnrin rẹ̀ ṣe ń wálé láti ilé ìwé lálẹ́. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ìdáhùn.